Sísin oyin ní Ṣábẹ̀ àti àyíká rẹ̀: àwọn ìbéèrè tí a máa ń gbọ́ àti ìdáhùn wa

Bí òdòdó kajú bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lóṣù Kejìlá, ìbéèrè nípa oyin kì í tán lẹ́nu àwọn èèyàn. Ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ń béèrè, ẹni tí oyin rẹ̀ ṣí lọ ń béèrè, ìyá tó ń rà á tà lọ́jà náà ń béèrè ohun tó fà á tí oyin tó rà lóṣù tó kọjá fi ń hó nínú ìgò. A kó ìdáhùn jọ síbí. Ṣábẹ̀ ni a wà, igbó àti oko tó wà láàárín odò Wẹ́mẹ̀ àti odò Ọ̀pàrà ni a sì mọ̀ jù. Ará Kétu lè lo púpọ̀ nínú rẹ̀, kí wọ́n ṣáà ti fi sọ́kàn pé òjò tiwọn máa ń pín sí méjì lọ́dún, tiwa sì jẹ́ ẹyọ kan.

Oyin wà nínú igbó lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ni mo fẹ́ fi àpótí ṣe?

Igbó tí oyin wà náà ń tán lọ. Ọdẹ tó bá rí oyin nínú ihò igi, òru ló máa ń lọ bá a pẹ̀lú ògùṣọ̀. Á sun ún, á gé igi náà lulẹ̀ bó bá ga, á sì kó gbogbo ohun tó bá níbẹ̀: afárá tó gbó, èyí tó ṣì jẹ́ omi, èyí tí ọmọ wà nínú rẹ̀. Ìyá oyin ti kú, ọmọ ti kú, ihò tí agbo mìíràn ì bá wọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀ ti di eérú. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni a jẹ nínú rẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ oṣù Kìíní ni, tí ọyẹ́ ti gbẹ gbogbo koríko, iná tí wọ́n gbàgbé sídìí igi lè jó oko kajú onílé àti àlejò. Oyin tó ti ibẹ̀ jáde máa ń rùn fún eéfín, ìdin àti eérú wà nínú rẹ̀, ẹni tó ń tà á kò sì lè dúró lórí iye tó tọ́.

Ẹni tó ní oyin nínú àpótí yóò gé afárá mélòó kan, yóò fi ìyókù sílẹ̀ fún àwọn tó ṣe é, yóò sì bá wọn níbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. A kò fi èyí bá àwọn ọdẹ jà. Àwọn ló mọ ibi tí oyin ń gbà àti igi tó fẹ́ràn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ń di ọ̀gá nídìí iṣẹ́ yìí tí wọ́n bá ti sọ ògùṣọ̀ sílẹ̀.

Irú oyin wo ló wà lọ́dọ̀ wa, kí ló sì dé tí inú rẹ̀ ò ṣe dùn sí èèyàn?

Apis mellifera adansonii ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè é, ìran oyin tó wà káàkiri ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ó kéré díẹ̀ sí oyin àwọn ará Yúróòpù, ó máa ń tètè bínú, ó máa ń tètè pín, ó sì máa ń kó ẹrù rẹ̀ tí ilé kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ọjọ́ ti pẹ́ tí èèyàn, ẹranko àti ìjàlọ ti ń kó o nílé, èyí tí kò jà nínú wọn kò ṣẹ́kù láti bímọ. Ìbátan rẹ̀ kan láti apá gúúsù àti ìlà-oòrùn Áfíríkà ni wọ́n kó lọ sí Brazil ní 1956. Díẹ̀ sá mọ́ wọn lọ́wọ́ ní 1957, ó bá àwọn tó wà níbẹ̀ gùn, ó sì tàn títí dé Amẹ́ríkà. Òun ni wọ́n ń sọ nígbà tí wọ́n bá ń dẹ́rù ba ara wọn pẹ̀lú oyin Áfíríkà.

Nínú ilé kan, ìyá oyin kan ṣoṣo ló ń yé ẹyin. Gbogbo òṣìṣẹ́ tí ẹ ń rí lórí òdòdó, abo ni wọ́n, àwọn náà ló ń ta èèyàn. Akọ kì í ta, kì í sì í wá oúnjẹ. Ó tóbi, ojú rẹ̀ tóbi, iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó bá ìyá oyin tuntun pàdé lókè lọ. Láti ẹyin títí dìgbà tí ìyá oyin yóò jáde jẹ́ nǹkan bí ọjọ́ 16, òṣìṣẹ́ nǹkan bí 20, akọ nǹkan bí 24. Òṣìṣẹ́ kì í pẹ́ láyé: ní àsìkò iṣẹ́, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6 ló ń lò. Torí náà ni agbo tí ìyá rẹ̀ bá kú tí kò sì rí òmíràn fi ń tán kí oṣù mélòó kan tó kọjá.

Ibo ni kí n gbé ilé oyin sí?

Ẹ jìnnà sí ilé, sí ilé ẹ̀kọ́, sí ojú ọ̀nà àti ibi tí àwọn obìnrin ti ń pọn omi. Mítà 300 ni a fi ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ẹ má so ewúrẹ́ tàbí àgùntàn mọ́lẹ̀ nítòsí rẹ̀ láé. Ẹran tó wà lómìnira á sá, èyí tó wà lókùn kò lè sá, oyin á sì pa á.

Abẹ́ igi tó ní ìbòòji dára, pàápàá igi emi, igi irú, máńgòrò tàbí kajú, nítorí oòrùn oṣù Kejì àti Ìkẹta lè yọ́ afárá tuntun kó sì já lulẹ̀. Ẹ kọ ẹnu ilé sí apá tí èèyàn kò ní gbà kọjá. Ẹ ro ìdí rẹ̀ yí ká kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé, ibi tó fẹ̀ tí iná igbó kò fi ní lè fò ó. Omi ń kọ́? Bí odò bá jìnnà, ẹ gbé àwo omi síbẹ̀, kí ẹ kó òkúta tàbí igi wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀ kí wọ́n lè rí ibi bà sí, nítorí oyin máa ń rì sómi. Ilé tí kò lómi lóṣù Kejì, ẹ ò ní bá a lóṣù Ìkẹta.

Irú ilé wo ló dára jù fún ẹni tí kò lówó púpọ̀?

Mẹ́ta ni ẹ ó máa rí. Èkíní ni ti àwọn bàbá wa: igi tí a gbẹ́ ní ihò, agbè, ìkòkò amọ̀, tàbí agbọ̀n tí a fi amọ̀ rẹ́. Ó pọ́ọ́kú, oyin sì fẹ́ràn rẹ̀, àmọ́ inú ilé ni wọ́n ń mọ afárá mọ́. Kò sí bí a ṣe fẹ́ rí ìkan láì fọ́ ìkan. Èkejì ni àpótí alájà ti òyìnbó Langstroth, èyí tó gba ìwé àṣẹ fún ní Amẹ́ríkà ní 1852. Ó ń mú oyin wá dáadáa, ṣùgbọ́n igi rẹ̀ gbọ́dọ̀ gún régé, ó nílò férémù, ó sì nílò ẹ̀rọ tó ń yí oyin jáde. Ẹni tó bá ní owó àti káfíńtà gidi lè ṣe é.

Ẹ̀kẹta ni a máa ń gba àwọn èèyàn nímọ̀ràn lé lórí: àpótí onígi lókè, èyí tí wọ́n gbé jáde ní Kenya ní àwọn ọdún 1970. Ó gùn tó mítà kan, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì dà sínú, ìsàlẹ̀ rẹ̀ kéré sí òkè. Kò ní férémù. Igi tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tí a tò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn ló bo òkè rẹ̀, afárá kan sì máa ń rọ̀ sára igi kan. Kí káfíńtà má fi ojú díwọ̀n àwọn igi yìí o. Fún oyin tiwa, fífẹ̀ igi kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ mìlímítà 32. Bí ó bá fẹ̀ jù, wọ́n á mọ afárá sí àárín igi méjì; bí ó bá kéré, wọ́n á so méjì pọ̀; nígbà yẹn, igi kan kò ní ṣeé gbé láì fa ìkejì ya. Ìyókù àpótí lè wọ́ díẹ̀. Ní àárín ìsàlẹ̀ igi kọ̀ọ̀kan, ẹ la ojú ọ̀nà tín-ín-rín kan, kí ẹ da ìda yíyọ́ sí i. Ojú ìda yẹn ni wọn yóò tẹ̀ lé.

Pákó tó ti gbẹ ni kí ẹ lò. Ẹ má fi ọ̀dà kun inú, ẹ má sì lo igi tí wọ́n ti fi oògùn ikán pa. Òrùlé páànù pẹ̀lú koríko díẹ̀ lórí kí ooru má baà wọlé. Ihò ẹnu ọ̀nà mélòó kan tí kò ju kí òṣìṣẹ́ méjì kọjá lọ ti tó; ihò ńlá, alángbá ni yóò jókòó síbẹ̀ tí yóò máa jẹun.

Ṣé obìnrin lè ṣe iṣẹ́ yìí?

Bẹ́ẹ̀ ni. Àpótí onígi lókè kì í ga ju ìbàdí lọ, kò sì sí igi tí ẹnikẹ́ni fẹ́ gùn. Àwọn ìyá tó ń ṣe òrí ti mọ oko emi ju ọ̀pọ̀ ọkùnrin lọ.

Báwo ni oyin yóò ṣe wọ ilé tí mo gbé síbẹ̀?

Fúnra wọn ni. Lọ́dọ̀ wa, agbo máa ń pín, òmíràn sì ń ṣí kiri, nítorí náà a kì í sábà rà wọ́n. Ilé tuntun tó ń rùn fún igi nìkan kò dá wọn lọ́rùn. Ẹ yọ́ ìda díẹ̀, kí ẹ fi pa inú ilé àti ẹnu ọ̀nà. Ẹ fi afárá gbígbẹ tó ti gbó díẹ̀ sínú bí ẹ bá rí. Ewé koríko ọba tí a fi ọwọ́ rún náà ń fà wọ́n, nítorí òórùn rẹ̀ jọ èyí tí òṣìṣẹ́ fi ń pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wálé.

Ẹ gbé ilé jáde kí òjò tó dá tán, nǹkan bí oṣù Kẹsàn-án sí Ìkẹwàá, kí ó ti wà nílẹ̀ nígbà tí òdòdó ẹ̀ẹ̀rùn bá bẹ̀rẹ̀. Ẹ máa lọ wò ó, ẹ gbá okùn aláǹtakùn kúrò. Bí ẹ bá rí oyin mélòó kan tó ń wọlé tó ń jáde, ó lè jẹ́ pé wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò ni. Bí ẹ bá rí èyí tó gbé ìyẹ̀fun òdòdó aláwọ̀ òféèfèé sí itan wọlé, wọ́n ti ń bọ́ ọmọ níbẹ̀. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ jẹ́ẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ó kéré tán.

Oṣù wo ni a ń gé oyin?

Kajú, emi, irú àti máńgòrò máa ń tanná láàárín oṣù Kejìlá sí Ìkẹta, oyin tó pọ̀ sì máa ń gbó láti ìparí oṣù Kejì títí di oṣù Ìkẹrin. Bí òjò bá ti rọ̀ dáadáa, ẹ jáwọ́. Láti oṣù Kẹfà sí Ìkẹsàn-án, òjò máa ń fọ omi òdòdó dànù, oyin kì í sì í jáde. Ohun tí ẹ fi sílẹ̀ ni wọ́n ń jẹ. Àwọn kan ń gé díẹ̀ ní oṣù Kọkànlá, lẹ́yìn òdòdó ìparí òjò. Ó ṣeé ṣe bí agbo bá lágbára. Fún agbo ọdún àkọ́kọ́, a kì í fọwọ́ kàn án nígbà yẹn.

Báwo ni a ṣe ń ṣí ilé oyin láì bá ìjà dé?

Ìrọ̀lẹ́ ni tiwa, nígbà tí oòrùn bá ti rẹlẹ̀, kí ilẹ̀ lè ṣú mọ́ wọn lẹ́yìn tí a bá ti ilé. Ẹ̀yin méjì ni kí ẹ lọ. Aṣọ funfun tàbí aláwọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ tó bo gbogbo ara, àwọ̀n lójú, ìbọ̀wọ́, bọ́ọ̀tì, kí ẹ sì fi okùn di ẹsẹ̀ ṣòkòtò. Aṣọ dúdú àti aṣọ onírun máa ń bí wọn nínú, lọ́fínńdà náà bẹ́ẹ̀.

Ẹ má jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ síbẹ̀. Nígbà tí oyin kan bá ta èèyàn, ó máa ń tú òórùn kan jáde tó ń pe ìyókù wá jà, òórùn náà sì jọ ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n gan-an. Ẹ ó gbọ́ ọ nímú yín bí oró bá ti wọ ìbọ̀wọ́: ó dùn, ó sì le. Bí ẹ bá ti gbọ́ ọ, ẹ fín eéfín sí ojú ibẹ̀ lójú ẹsẹ̀ kí òmíràn tó bà lé e.

Ìgbẹ́ màlúù gbígbẹ tàbí ṣùkù àgbàdo ni kí ẹ kó sínú agolo eéfín. Kò gbọdọ̀ sí epo bẹntiróòlù, kò gbọdọ̀ sí ike. Eéfín tutù, funfun, la fẹ́. Bí ó bá ń jó ẹ̀yìn ọwọ́ yín, yóò jó ìyẹ́ wọn. Ẹ fín ín lẹ́ẹ̀mẹ́ta sí ẹnu ọ̀nà, kí ẹ dúró díẹ̀. Eéfín máa ń bo òórùn ìjà, ó tún máa ń mú kí wọ́n ki orí bọ oyin kí wọ́n jẹ ẹ́ yó bí ẹni tó fẹ́ sá kúrò nílé tó ń jó.

Láti ẹ̀yìn, níbi tó jìnnà sí ẹnu ọ̀nà, ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ kan àwọn igi náà lọ́kọ̀ọ̀kan: èyí tó ṣófo yóò dún gbàn-ùn, èyí tí afárá wà lára rẹ̀ kò ní dún. Ẹ yọ àwọn tó ṣófo kí ọwọ́ lè ráyè, kí ẹ wá fi ọ̀bẹ la ẹ̀gbẹ́ afárá àkọ́kọ́ kúrò lára ògiri, kí ẹ gbé e sókè tààrà. Ìgbà tí ẹ bá gbé e ni ẹ ó mọ bí oyin ṣe wúwo. Bí ẹ bá fẹ́ wo ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ yí igi náà bí ìgbà tí à ń yí ojú ìwé, ẹ má tẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ o. Ìda tuntun kò ní egungun. Tó bá ti dùbúlẹ̀, ó já nìyẹn, oyin á sì dà lé ọmọ àti ìyá wọn lórí.

Oyin ta mí. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ fi èékánná ha ẹ̀gún náà kúrò kíákíá, nítorí àpò oró tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ṣì ń tú oró sí i. Ẹ má ṣe dúró wá ohun èlò. Ẹ kúrò níbẹ̀, ẹ fi omi tútù sí i. Kó wú kó sì yún èèyàn fún ọjọ́ kan sí méjì, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ fún ọ̀pọ̀ èèyàn.

Ṣùgbọ́n bí mímí bá ń nira, bí ètè, ahọ́n tàbí ọ̀fun bá ń wú, bí ara bá ń sú káàkiri tàbí òòyì ń kọ́ ẹni náà, ilé ìwòsàn ni, lójú ẹsẹ̀. Ẹ má dúró de àgbo, ẹ má dúró de àárọ̀. Ẹni tí èyí bá ti ṣẹlẹ̀ sí rí kò gbọdọ̀ sún mọ́ ilé oyin mọ́. Ọmọdé tàbí àgbàlagbà tí oyin púpọ̀ bá ta, ẹ gbé òun náà lọ, kódà bó bá ní ara òun yá. Bí wọ́n bá ń lé yín, ẹ bo ojú àti imú, ẹ sáré wọ ilé tó ní ilẹ̀kùn. Kíkó sódò kò ràn yín lọ́wọ́; wọ́n á dúró dè yín lókè omi.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé oyin ti gbó?

Ìbéèrè yìí ló wà nídìí gbogbo ìgò tó ń hó lọ́jà. Omi òdòdó tí wọ́n gbé wálé kì í ṣe oyin. Omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Wọ́n á máa gbé e láti ẹnu sí ẹnu, wọ́n á tẹ́ ẹ sínú ihò afárá, wọ́n á sì máa fẹ́ ìyẹ́ sí i tọ̀sán tòru títí omi yóò fi dín. Bí ẹ bá dúró lẹ́bàá ilé oyin ní alẹ́ oṣù Kejì, ẹ ó gbọ́ bó ṣe ń kùn. Ìgbà tí omi rẹ̀ bá ti sọ̀ kalẹ̀ dé nǹkan bí ìdá 18 nínú 100 ni wọ́n tó fi ìda funfun tẹ́ẹ́rẹ́ dé ojú ihò náà. Ìlànà oúnjẹ àgbáyé tí wọ́n ń pè ní Codex kò gbà kí omi inú oyin ju ìdá 20 nínú 100 lọ. Èyí tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìwúkàrà inú rẹ̀ yóò jí, yóò kan, yóò hó, yóò sì ti ìdérí ìgò sókè.

Nítorí náà, ojú ìda ni kí ẹ máa wò. Bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin afárá náà, níwájú àti lẹ́yìn, bá ti ní ìdé, ẹ gé e. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ dá a padà, ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kò pẹ́. A mọ̀ pé owó ilé ìwé àwọn ọmọ lè ti dé, a mọ̀ pé oníbàárà ti sanwó sílẹ̀. Ẹ ṣì dá a padà. Oyin tó kan, ẹni tó rà á kò ní wá sọ fún yín. Kò kàn ní padà wá ni.

Ìdé oyin máa ń funfun tàbí kó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, ó sì máa ń rọ̀ mọ́ oyin. Ìdé ọmọ dúdú díẹ̀, ó wú síta, ó sì gbẹ. Afárá tí ọmọ wà nínú rẹ̀, kódà bó bá ní oyin lókè, ẹ má gé e. Ní tiwa, a kì í kó ju ìdajì oyin tó ti gbó lọ. Kí ẹ sì fi ìtẹ́lẹ̀ afárá tó tó fífẹ̀ ìka kan sílẹ̀ lára igi, kí wọ́n lè tètè tún un mọ.

Báwo ni a ṣe ń fún oyin láì bà á jẹ́?

Ọjọ́ tí òjò kò rọ̀, inú ilé tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀, ọwọ́ tó mọ́, garawa onídèérí tó gbẹ. Oyin máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Èyí tó ti gbó lè tún di omi bó bá sùn síta láì dé. Ẹ fọ́ afárá, ẹ jẹ́ kó máa jò fúnra rẹ̀ gba inú asẹ́ àti aṣọ funfun mímọ́. Ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ 2 sí 3 kí ìfófòó àti ìda lè léfòó, kí ẹ bù ú kúrò, kí ẹ wá dà á sínú ìgò. Ẹ má gbé e ka iná, ẹ má bomi là á. Iná máa ń ba òórùn àti àwọ̀ rẹ̀ jẹ́, oníbàárà tó mọ oyin á sì mọ̀.

Ẹ máa fi kílò tà á bí ẹ bá lè ṣe é. Lítà kan oyin gidi wúwo tó nǹkan bíi kílò 1.4, ẹni tó ń ta lítà ní iye kílò ń sọ owó nù.

Wọ́n ní oyin tó bá dì, ṣúgà ni. Òótọ́ ni?

Rárá. Oyin gidi máa ń dì, pàápàá lásìkò ọyẹ́. Irú òdòdó tó ti wá ló ń sọ bí yóò ṣe yá sí. Ẹ gbé ìgò náà sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí ọwọ́ gbà, yóò padà yọ́. Ìlú tí ilé iṣẹ́ ṣúgà wà ni a wà, ó sì rọrùn fún èèyàn láti máa fura. Dídán an wò pẹ̀lú ìṣáná, dídà á sínú omi, wíwò ó bóyá èèrà yóò jẹ ẹ́, kò sí èyí tó dá wa lójú nínú wọn: ṣúgà tí wọ́n sè dáadáa lè kọjá nínú wọn. Ẹ mọ ẹni tí ẹ ń rà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ ní kó fi afárá hàn yín. Irinṣẹ́ kékeré kan wà tí wọ́n fi ń wo iye omi inú oyin. Bí ẹgbẹ́ yín bá lè dá owó ra ìkan, yóò pa àríyànjiyàn púpọ̀.

Ṣé a lè fún ọmọ ọwọ́ ní oyin?

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́. Irúgbìn kòkòrò àìfojúrí kan lè wà nínú oyin tó mọ́ jù lọ, ìfun ọmọ ọwọ́ kò lè ṣẹ́gun rẹ̀, ó sì lè mú kí ara ọmọ rọ kó má lè mí. A mọ̀ pé oyin wà lára ohun tí à ń fi sọ ọmọ lórúkọ. Kí àwọn òbí àti àwọn àgbà tọ́ ọ wò, kí wọ́n fi ṣàdúrà fún un, kó má kan ẹnu ọmọ. Fún àwọn tó ní àtọ̀gbẹ, ṣúgà ni oyin nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, bó ti wù kó jẹ́ gidi tó.

Oyin mi kó lọ. Kí ló lé wọn?

Ebi, ooru, òùngbẹ, ìdààmú, tàbí kòkòrò. Ìjàlọ lè kó ilé kan tán lóru ọjọ́ kan. Ẹ gbé ẹsẹ̀ àpótí sínú agolo tí òróró ẹ́ńjìnnì tó ti gbó wà, tàbí kí ẹ fi wáyà so ó rọ̀ kí ẹ sì fi gíríìsì pa wáyà náà. Kí ewé kankan má kan àpótí, bí afárá tí à ń gbà sọdá odò ni ewé yẹn jẹ́ fún èèrà. Òpìpì ìda, àfòpiná eérú tó ń yé sínú afárá, kì í borí agbo tó lágbára. Ibi tí oyin kò tó láti ṣọ́ ló ń gbà. Kòkòrò dúdú kékeré tó le lẹ́yìn náà bẹ́ẹ̀. Ẹ yọ àwọn afárá tó ti ṣófo tó sì ti dúdú, kí ilé má tóbi ju agbo lọ. Ẹni tó bá ń ṣí ilé ní ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀ láti wò ó náà ń lé wọn.

Wọ́n ń fín oògùn sí kajú àti òwú nítòsí mi ńkọ́?

Èyí ló ń dùn wá jù. Ẹ lè bá òkú oyin nílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ní òwúrọ̀, ahọ́n wọn síta, àwọn tó kù ń yí kiri lórí koríko láì lè fò. Kò sí ìwòsàn fún un. Ohun tí a lè ṣe ni ká ti lọ bá aládùúgbò sọ̀rọ̀ kí àsìkò tó dé. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó má fín oògùn nígbà tí òdòdó bá là, kó fi í sí ìrọ̀lẹ́ nígbà tí oyin ti wọlé, kó sì sọ fún yín lọ́jọ́ kan ṣáájú kí ẹ lè gbé ilé kúrò tàbí kí ẹ ti ẹnu rẹ̀. Ẹ ṣàlàyé fún un pé òdòdó kajú nílò kòkòrò tí yóò gbé ìyẹ̀fun láti òdòdó kan sí èkejì kó tó so. Oyin yín ń ṣiṣẹ́ lóko rẹ̀ láì gba owó. Lítà oyin kan lọ́dọọdún fún un kò pọ̀ jù.

Ṣé mo lè ra agbo oyin láti ibòmíràn, tàbí láti òkè òkun?

A kò gbà yín níyànjú. Ẹ wo àwọn erékùṣù Òkun Índíà. Omi òkun ti dáàbò bò wọ́n títí, síbẹ̀ Varroa, kòkòrò kékeré pupa tó ń mu ara oyin, dé Madagascar ní 2010, ó dé Mauritius ní 2014, ó sì dé Réunion ní 2017. Òkun kò gbé e lọ, àwọn èèyàn ló gbé e. Ó ti wà ní Benin náà, àmọ́ oyin tiwa ń fara dà á ju ti Yúróòpù lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa bá ìran wọn lọ. Ẹ má sì gbé afárá àtijọ́ láti abúlé kan sí òmíràn láì yọ́ ọ.

Ìda ńkọ́? Ṣé kí n dà á nù?

Ẹ má dà á nù! Ẹ kó afárá tí ẹ ti fún sínú àpò aṣọ, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú omi gbígbóná. Ìda máa ń yọ́ ní nǹkan bí ìwọ̀n 63 Celsius, yóò léfòó, yóò sì dì bí omi bá tutù. Ẹ má ṣe gbé ìda nìkan ka iná, ó ń gbiná. Yóò wúlò fún ilé tuntun yín, fún àbẹ́là, fún ìpara pẹ̀lú òrí. Àwọn tó ń rọ idẹ ní Abomey náà ń lò ó láti ṣe àwòrán kí wọ́n tó da idẹ sí i.

Ilé mélòó ni kí n fi bẹ̀rẹ̀, kí ni mo sì lè retí?

Méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹ lè fi ìkan wé ìkejì. Kì í ṣe gbogbo ilé ni oyin ń wọ̀ lọ́dún àkọ́kọ́, èyí tí wọ́n bá wọ̀ sì lè má mú nǹkan wá títí di ọdún kejì. Lẹ́yìn náà, kílò 10 láti inú àpótí kan lọ́dún dára lọ́dọ̀ wa. Ibi tí igi pọ̀, bí apá Kìlìbó àti Tùí, lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá fẹ́ tà á ní ṣọ́ọ̀bù ní Kútọnu tàbí Pọtọnóvò, ẹ bá ABSSA, àjọ tó ń bójú tó ìmọ́tótó oúnjẹ, sọ̀rọ̀ kí ẹ tó tẹ ìwé sára ìgò.

Ta ni yóò kọ́ mi?

Àwọn òṣìṣẹ́ ATDA tó ń bójú tó iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Collines lè tọ́ yín sọ́nà sí ẹgbẹ́ tó wà nítòsí. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ra pákó kan, ẹ wá ẹni tó ti ní ilé oyin, kí ẹ bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí ẹ tẹ̀ lé e lọ gé oyin lóṣù Ìkẹta. Ẹ gbé garawa fún un, ẹ dúró sẹ́yìn eéfín, ẹ wo bí ó ṣe ń dá afárá tí kò tíì gbó padà. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti mọ̀ bóyá ara yín gba ariwo wọn àbí kò gbà á.